Bí o ṣe lè máa gbàdúrà kó má sú ọ

Kó o tó kúnlẹ̀, kọ ohun tí o ń fẹ́ sílẹ̀. Ìwé kékeré kan wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Orúkọ àbúrò mi ọkùnrin tó ń wá iṣẹ́ ló wà lójú ewé àkọ́kọ́, mo sì kọ Lúùkù 18 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ka ẹsẹ 1 dé 8 sókè ketekete. Ẹjọ́ kan ṣoṣo ni opó kan nínú ìtàn ibẹ̀ ń rò, ó sì ń padà lọ bá adájọ́ tí kò bẹ̀rù Ọlọ́run, títí adájọ́ fi dá a lóhùn. Bàbá wa ọ̀run kò rí bí adájọ́ yẹn rárá! Ibẹ̀ ni kó o gbọ́kàn lé.

Mú àkókò kan, má sì yẹ̀ ẹ́. Aago márùn-ún ìdájí ni tèmi, kí àwọn ọmọ tó jí. Dárúkọ ẹni tí ò ń gbàdúrà fún, sọ ohun tó nílò gan-an, kó o wá dákẹ́ díẹ̀. Ariwo kọ́ ni ìgbàgbọ́.

Lọ́jọ́ tí ẹnu bá wúwo, ka Sáàmù 13. Dáfídì fúnra rẹ̀ bi Olúwa pé, yóò ti pẹ́ tó? Ẹni tó bá ní kó o sanwó kí àdúrà tó gbà, má tẹ̀ lé e.

Tó o bá dìde, ṣe èyí tọ́wọ́ rẹ ká: èmi ni mo máa ń bá àbúrò mi ka lẹ́tà ìwáṣẹ́ rẹ̀ kó tó fi ránṣẹ́.