Bí Mo Ṣe Palẹ̀ Tábìlì Mọ́ Kí N Tó Kó Orúkọ Ọmọ Ẹgbẹ́ Wọlé

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ló ní kí n kó àkọsílẹ̀ wọn kúrò nínú Excel sínú dátábéèsì MySQL tí mo ṣe fún wọn. Ọmọ ẹgbẹ́ wọn jẹ́ 312, ṣùgbọ́n kí orúkọ wọn tó dé ọwọ́ mi, èmi fúnra mi ti fi orúkọ 40 tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni síbẹ̀, kí n lè mọ̀ bóyá ojú ewé owó yíyá ń ṣiṣẹ́. Àwọn "Àdánwò Kìíní" àti "Àdánwò Kejì" wọ̀nyí ló gbọ́dọ̀ kúrò kí àwọn èèyàn gidi tó wọlé, mo sì rò pé iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni.

Kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, mo fi mysqldump ṣe ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ pamọ́. Ẹ̀dà tí a kò tíì dá padà wò, èmi kì í kà á sí ẹ̀dà, nítorí náà mo ṣí dátábéèsì òfìfo mìíràn, mo da fáìlì náà sínú rẹ̀, mo sì ka iye ìlà inú tábìlì kọ̀ọ̀kan títí mo fi rí i pé ó pé. Tábìlì márùn-ún ló wà níbẹ̀: omo_egbe, ifipamo, eyawo, onigbowo àti osise. Ti osise ni a kò gbọdọ̀ tú dà nù, torí pé inú rẹ̀ ni orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà àwọn òṣìṣẹ́ wà. Ká ní mo ti yan gbogbo tábìlì lẹ́ẹ̀kan náà nínú phpMyAdmin, ojú ewé tí a fi ń ṣàkóso MySQL, bí ọwọ́ ṣe máa ń yá èèyàn láti ṣe, akápò kò bá rí ojú ewé tirẹ̀ wọ̀ mọ́.

Mo kọ́kọ́ gbìyànjú TRUNCATE, àṣẹ tó ń tú gbogbo inú tábìlì dà nù lẹ́ẹ̀kan, lórí omo_egbe, MySQL sì kọ̀ jálẹ̀ pẹ̀lú àṣìṣe 1701. Ìdí ni pé tábìlì eyawo fi foreign key (nọ́ńbà inú rẹ̀ tó ń tọ́ka sí ọmọ ẹgbẹ́ tó ni ẹ̀yáwó) rọ̀ mọ́ omo_egbe, bẹ́ẹ̀ ni TRUNCATE kì í gbà láti tú tábìlì tí òmíràn rọ̀ mọ́, kódà bí èyí tó rọ̀ mọ́ ọn bá ṣófo. Mo wá lo DELETE, àṣẹ tó ń pa ìlà rẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tó rọ̀ mọ́ ẹlòmíràn: onigbowo, eyawo, ifipamo, kí n tó dé orí omo_egbe. Nígbà tí mo kà wọ́n, òdo ni gbogbo wọn mú wá, ọkàn mi sì balẹ̀.

Mo kó ọmọ ẹgbẹ́ wọlé láìkó òpó nọ́ńbà wọn, torí mo gbà pé dátábéèsì yóò fún wọn ní 1 dé 312 bí wọ́n ṣe tò nínú Excel. Nígbà tí ó kan ẹ̀yáwó, àṣìṣe 1452 dá mi dúró. Ìkánjú ló mú mi débi tí mo fi kọ SET FOREIGN_KEY_CHECKS = 0, àṣẹ tó ń pa àyẹ̀wò foreign key, tí mo sì tún gbìyànjú. Gbogbo rẹ̀ wọlé wẹ́rẹ́, láìsí ariwo kankan.

Nígbà tí Màmá akọ̀wé jókòó láti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n ní: "Ọmọ mi, èmi tí n kò yá kọ́bọ̀ rí nínú ẹgbẹ́ yìí, báwo ni gbèsè 150,000 náírà ṣe dé ọrùn mi?"

DELETE máa ń pa ìlà rẹ́, ṣùgbọ́n kì í dá òǹkà AUTO_INCREMENT, èyí tó ń fún ìlà tuntun ní nọ́ńbà, padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn 40 tí mo lé lọ ti jẹ nọ́ńbà tiwọn tán, ẹni gidi àkọ́kọ́ sì bọ́ sórí 41. Ẹnì kẹtàdínlógún ni Màmá nínú ìwé, wọ́n wá di 57, owó tí ẹni tó ń jẹ́ 57 nínú ìwé yá sì lọ bà lé wọn lórí. Ẹ̀yáwó àwọn tí nọ́ńbà wọn wà láàárín 1 sí 40 kò tilẹ̀ rí ọmọ ẹgbẹ́ tí yóò bà lé lórí rárá. Ohun tí 1452 ń pariwo sí mi létí nìyẹn, tí mo fi pa á lẹ́nu mọ́. Bí mo sì ti tan àyẹ̀wò náà padà kò ràn mí lọ́wọ́, torí MySQL kì í padà lọ wo ìlà tó ti wọlé ṣáájú.

Mo tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo pa àyẹ̀wò, mo fi TRUNCATE tú tábìlì mẹ́rin náà, mo sì tan àyẹ̀wò padà lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo fi gbogbo àṣẹ wọ̀nyí ránṣẹ́, nítorí pé nínú phpMyAdmin, àṣẹ pípa àyẹ̀wò tí a bá dá fi ránṣẹ́ kì í ṣiṣẹ́ lórí àwọn àṣẹ tí a bá fi ránṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. TRUNCATE dá òǹkà padà sí 1, ṣùgbọ́n ROLLBACK, àṣẹ tó ń fagi lé ohun tí a ṣe, kò lè gbà á padà, ẹ̀dà tí mo ti fi pamọ́ nìkan ló fi mí lọ́kàn balẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí mo kó òpó nọ́ńbà inú Excel wọlé pẹ̀lú orúkọ, mo sì fi àyẹ̀wò sílẹ̀ ní títàn. Mo tún kọ utf8mb4, ìlànà tó ń jẹ́ kí MySQL ka àwọn lẹ́tà Yorùbá bó ṣe yẹ, sínú LOAD DATA, àṣẹ tí a fi ń kó fáìlì wọlé, nítorí pé ní ìgbà àkọ́kọ́, gbogbo "ẹ" inú orúkọ wọn ló di "áº¹".

Mo wá ẹ̀yáwó tí kò ní ọmọ ẹgbẹ́ tó ni ín, n kò rí ẹyọ kan. Àpapọ̀ owó bá ti Excel mu dé orí kọ́bọ̀. Gbèsè Màmá di òdo, wọ́n ní kí n tẹ ojú ewé náà jáde fún àwọn, wọ́n sì ká a sínú báàgì wọn.