Bí A Ṣe Ń Se Khao Soi, Oúnjẹ Núdù Ọlọ́bẹ̀ Àgbọn ti Àríwá Tháílàńdì

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ti jẹ oúnjẹ Tháílàńdì ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Houston tàbí ní Èkó, oúnjẹ Bangkok àti ti agbègbè àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè náà ni wọ́n ń jẹ: ọbẹ̀ aláwọ̀ ewé, ọbẹ̀ pupa, àti núdù díndín tí wọ́n ń pè ní pad thai. Ẹni tó bá lọ gbé ní Chiang Mai, yálà iṣẹ́ olùkọ́ ló gbé e dé ibẹ̀ tàbí ẹ̀kọ́, ni yóò mọ̀ pé àríwá ní oúnjẹ tirẹ̀ tó yàtọ̀ pátápátá. Nígbà tí èmi náà ń gbé níbẹ̀ ni mo mọ khao soi. Núdù ẹyin rírọ̀ ló máa ń wà ní ìsàlẹ̀ abọ́, itan adìyẹ tó ti jinná dé eegun á wà lórí rẹ̀, ọbẹ̀ àgbọn tó pọ́n bí ẹyìn ọ̀pẹ tó ń dán á bo méjèèjì, ẹ̀kúnwọ́ núdù díndín tó gbẹ á sì wà lókè pátápátá, tí a ó máa jẹ wómúwómú kí ó tó rọ̀ sínú ọbẹ̀.

Ìtàn oúnjẹ yìí kò ṣẹ̀yìn àwọn oníṣòwò Mùsùlùmí láti Yunnan ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Ṣáínà, tí àwọn ará Tháílàńdì ń pè ní Chin Haw. Ìbaaka ni wọ́n fi ń ru ẹrù gba àárín àwọn òkè kọjá sí Bọ́má àti Chiang Mai. Àwọn kan nínú wọn tẹ̀dó sí Chiang Mai, wọ́n sì kọ́ mọ́ṣáláṣí Ban Haw sí ibi tí kò jìnnà sí ọjà alẹ́ ìlú náà lónìí. Àwọn Mùsùlùmí ṣì ń ta khao soi ní àdúgbò mọ́ṣáláṣí yìí títí di ìsinsìnyí. Ìdí nìyí tí oúnjẹ náà fi jẹ́ ti adìyẹ àti ẹran màlúù, bẹ́ẹ̀ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ló pọ̀ jù nínú ìyókù oúnjẹ àríwá. Ó tún jọ ohn no khao swè ti Bọ́má, tí òun náà jẹ́ núdù àti adìyẹ nínú ọbẹ̀ àgbọn, èyí kò sì yani lẹ́nu, nítorí Bọ́má ló ṣàkóso Chiang Mai fún ohun tó lé ní igba ọdún láti 1558. (Bọ́má yìí kan náà ni àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà lọ jà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì.)

Bí ẹ bá wà ní Chiang Mai, kí ẹ jẹ ẹ́ ní ìta kí ẹ tó dáwọ́ lé sísè rẹ̀, kí ẹnu yín lè mọ ohun tí ọwọ́ yín ń wá. Oúnjẹ àárọ̀ àti ọ̀sán ni. Ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ ló máa ń ti ilẹ̀kùn ní nǹkan bí aago méjì tàbí mẹ́ta ọ̀sán, nígbà tí ìkòkò bá ti gbẹ, nítorí náà ẹni tó dúró di alẹ́ lè má rí i rà. Khao soi kai ni ti adìyẹ, khao soi nuea ni ti ẹran màlúù. Tí ẹ bá ń bá ìyá olóúnjẹ sọ̀rọ̀, ẹ pè é ní Pa, ìyẹn àǹtí, bí àwọn oníbàárà yòókù ti ń pè é, kí ẹ sì fi khrap parí gbólóhùn bí ẹ bá jẹ́ ọkùnrin tàbí kha bí ẹ bá jẹ́ obìnrin. Bí a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún àgbà níbẹ̀ nìyẹn. Ẹ kíyè sí i pé bí ẹ bá béèrè khao soi ní Luang Prabang ní orílẹ̀-èdè Láọ́ọ̀sì, oúnjẹ mìíràn ni wọn yóò gbé wá, ìyẹn núdù ìrẹsì nínú omi ẹran tó ṣàn, pẹ̀lú ẹran ẹlẹ́dẹ̀ lílọ̀, tòmátì àti ẹ̀wà sóyà tó ti kan. Kò sí àgbọn nínú rẹ̀ rárá.

Ní ti sísè, ohun méjì ni gbogbo iṣẹ́ náà rọ̀ mọ́: àwọn èròjà tí a yan kí a tó gún wọn, àti omi àgbọn tí a sè títí òróró rẹ̀ fi lé. Ẹni tó bá fo ọ̀kan nínú méjèèjì yóò rí ọbẹ̀ àgbọn jẹ o, ṣùgbọ́n kì í ṣe khao soi.

Àwọn èròjà tí a ó gún

Èyí tó tó ènìyàn mẹ́rin ni mo ń sọ. Ẹ wá ata pupa gígùn gbígbẹ mẹ́fà sí mẹ́jọ, irú èyí tí àwa ń pè ní ṣọ̀ḿbọ̀, kí ẹ sì gbọn kóró inú rẹ̀ dànù. Ẹ wá àlùbọ́sà pupa kéékèèké mẹ́rin tàbí márùn-ún, ẹyọ aáyù mẹ́fà, atalẹ̀ tó gùn tó ìka méjì, àti atalẹ̀ pupa tó tó ìlàjì rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí atalẹ̀ pupa tútù, ṣíbí tíì kan ti èyí tí wọ́n lọ̀ tó. Ẹ fi gbòǹgbò ewé kóríándà mẹ́ta tàbí mẹ́rin kún un. Níbi tí wọ́n bá ti gé gbòǹgbò rẹ̀ dànù kí wọ́n tó tà á, igi ìsàlẹ̀ ewé náà yóò ṣe é. Lẹ́yìn èyí, ṣíbí ìjẹun kan kóró kóríándà, kádámọ́ọ̀mù dúdú kan tàbí méjì, àti ṣíbí ìjẹun kan lẹ́búlẹ́bú kọ́rì, irú ti Íńdíà tí kò ta.

Kádámọ́ọ̀mù dúdú yìí ló máa ń wọ́n. Ó tóbi ju aláwọ̀ ewé lọ, ara rẹ̀ hunjọ, ó sì ń rùn bí ohun tí a gbé sórí èéfín. Àwọn tó ń ta èròjà Ṣáínà àti ti Íńdíà máa ń ní i. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ fi í sílẹ̀ ju kí ẹ fi òmíràn dípò rẹ̀ lọ. Ata rodo kò sì ní iṣẹ́ kankan níbí, bó ti wù kí ọwọ́ wa máa sáré sí i tó, nítorí òórùn rẹ̀ yóò bo gbogbo ìyókù mọ́lẹ̀. Khao soi fúnra rẹ̀ kì í ta púpọ̀. Orí tábìlì ni olúkúlùkù ti ń fi ata sí tirẹ̀.

Yíyan àti gígún

Ẹ gbé páànù gbígbẹ ka iná tí kò pọ̀, láìsí òróró. Ẹ kọ́kọ́ yan kóró kóríándà àti kóró inú kádámọ́ọ̀mù títí òórùn wọn yóò fi jáde, èyí tí kì í ju ìṣẹ́jú méjì lọ, kí ẹ sì dà wọ́n síta kíákíá kí wọ́n má baà korò. Ẹ yan ata gbígbẹ títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi ṣókùnkùn, kí ẹ sì ṣọ́ ọ dáadáa, nítorí láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni ó ń jóná. Àlùbọ́sà, aáyù, atalẹ̀ àti atalẹ̀ pupa ni a ó fi sílẹ̀ pẹ́ jù lọ, tèèpotèèpo, títí ẹ̀yìn wọn yóò fi dúdú tí inú wọn yóò sì rọ̀. Bí ẹ bá fi ìka tẹ àlùbọ́sà náà tí omi rẹ̀ ń yọ lẹ́nu, tí ó sì ń rùn dídùn dípò kí ó ta yín lójú, ó ti tó. Ẹ jẹ́ kí ó tutù, kí ẹ bó èèpo tó jóná, ṣùgbọ́n ẹ má fọ̀ ọ́. Dúdú díẹ̀ tó bá ṣẹ́kù ń fi adùn kún un.

Odó òkúta ni wọ́n ń lò ní Chiang Mai. Ẹ kọ́kọ́ gún kóró gbígbẹ di lẹ́búlẹ́bú, kí ẹ fi ata àti iyọ̀ díẹ̀ tẹ̀ lé e, kí àwọn èyí tó lómi sì gbẹ̀yìn. Ohun tó lómi tí a bá kọ́kọ́ dà sódó ni kì í jẹ́ kí ata kúnná. Ẹni tí kò ní odó lè lo ọlọ, tàbí ẹ̀rọ ìlọta pẹ̀lú omi àgbọn ṣíbí díẹ̀, kì í ṣe omi lásán. Ìgbà tó bá kúnná tán ni a ó po lẹ́búlẹ́bú kọ́rì mọ́ ọn.

Omi àgbọn

Agolo méjì, oní mílílítà 400 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ni a nílò. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ara agolo. Bí ó bá jẹ́ àgbọn àti omi nìkan ló wà nínú rẹ̀, òróró rẹ̀ yóò lé. Bí wọ́n bá fi èròjà amúǹkandìpọ̀ sí i, ẹ lè sè é di ọ̀la kí ó má lé, a ó sì ní láti fi òróró ẹ̀pà tàbí òróró mìíràn tí kò ní òórùn, ṣíbí ìjẹun méjì, ràn án lọ́wọ́. Ẹ má mi agolo kí ẹ tó ṣí i, kí èyí tó ki lè dúró lókè.

Àwa tí a lè rí àgbọn gbígbó rà, ní Àgbádárìgì, ní Èkó tàbí ní Kútọnu, wà ní ipò tó dára jù lọ. Ẹ rin àgbọn méjì tàbí mẹ́ta, ẹ da omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ife kan sí i, kí ẹ fún un nínú aṣọ mímọ́: àkọ́fún rẹ̀ nìyẹn, tó ki. Ẹ tún da ife omi méjì sí ṣàṣá rẹ̀, kí ẹ fún un lẹ́ẹ̀kejì sínú abọ́ mìíràn.

Sísè ọbẹ̀ náà

Ẹ da àkọ́fún, tàbí èyí tó ki lókè agolo, tó ife kan, sínú ìkòkò tí ìdí rẹ̀ nípọn, kí ẹ gbé e ka iná tó mọ níwọ̀n. Ẹ máa rò ó. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́jọ, ìhó ńlá yóò di ìhó kékeré, ohùn rẹ̀ yóò yí padà láti híhó sí díndín, ẹ ó sì rí òróró tó mọ́ lẹ́bàá ìkòkò. Ẹni tó bá ti din ata ọbẹ̀ rí títí epo fi lé sójú ti mọ àmì tí mo ń wí.

Ìgbà yìí ni kí ẹ da èròjà gígún sí i. Ẹ din ín fún ìṣẹ́jú márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí iná kékeré, títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi ṣú díẹ̀ tí òróró náà fúnra rẹ̀ yóò sì pọ́n. Bí ó bá fẹ́ mú ìdí ìkòkò, ẹ fi ṣíbí omi àgbọn kan tàbí méjì rọ̀ ọ́. Ẹ má kánjú níbí. Èròjà tí kò dín tó máa ń fi àwọ̀ yẹ́lò bíi ti ọbẹ̀ aláìsàn sílẹ̀, ìtọ́wò atalẹ̀ pupa tútù á sì dúró lọ́fun.

Ẹ kó itan adìyẹ mẹ́jọ, èyí tó ní eegun tó sì ní awọ, sínú rẹ̀, kí ẹ yí wọn nínú òróró pupa náà. Ẹ da ìyókù omi àgbọn sí i, pẹ̀lú ife omi adìyẹ méjì. Ẹ fi omi ẹja oníyọ̀ tí wọ́n ń pè ní nam pla ṣíbí ìjẹun méjì, sọ́ọ̀sì sóyà ṣíbí kan, àti ṣúgà ọ̀pẹ tàbí ṣúgà pupa ṣíbí kan sí i. Kí ó máa hó wọ́ọ́rọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú márùndínlógójì sí ogójì, láìdé e pa. Adìyẹ agric kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ti ìbílẹ̀ yóò gbà ju wákàtí kan lọ, ṣùgbọ́n òun ló dùn jù. Bí ó bá jẹ́ ẹran màlúù, ibi tó ní iṣan ni kí ẹ rà, kí ẹ sì fún un ní wákàtí méjì ó kéré tán. Nígbà tí ẹ bá tọ́ ọ wò, iyọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ju ti ọbẹ̀ tí a ń mu lásán lọ díẹ̀, nítorí núdù kò ní iyọ̀, yóò sì mú un rọlẹ̀.

Núdù

Núdù ẹyin tútù pẹlẹbẹ, nǹkan bíi gíráàmù 500, ni a ó pín sí ọ̀nà méjì tí kò dọ́gba: ìdá márùn-ún rẹ̀ kan ni a ó dín, a ó sì bọ ìyókù. Níbi tí kò bá sí, tagliatelle ẹlẹ́yin ti Ítálì sún mọ́ ọn ju núdù alápò tí gbogbo wa mọ̀ lọ, nítorí èyí rọ̀ jù fún ọbẹ̀ tó wúwo báyìí. Tagliatelle gbígbẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ hó díẹ̀, kí omi ara rẹ̀ sì gbẹ pátápátá, kí a tó lè dín in.

Fún díndín, ẹ gbọn ìyẹ̀fun ara núdù dànù, kí ẹ tú u ká pẹ̀lú ọwọ́. Kí òróró jìn tó sẹ̀ǹtímítà méjì. Ẹ sọ ẹyọ kan sí i: bí ó bá lọ sísàlẹ̀ tó dákẹ́, òróró kò tíì gbóná, bí ó bá léfòó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, tó wú, tó sì ń yí bí ohun ẹlẹ́mìí, ó ti tó. Ẹ dín ẹ̀kúnwọ́ kékeré lẹ́ẹ̀kan náà. Kò ní ju ìṣẹ́jú kan lọ kí ó tó pọ́n, ẹ sì yọ ọ́ nígbà tí àwọ̀ rẹ̀ kò tíì dé ibi tí ẹ fẹ́, nítorí yóò ṣì máa pọ́n sí i lórí bébà. Ìyókù núdù, ẹ bọ̀ ọ́ nínú omi púpọ̀ fún ìṣẹ́jú kan sí méjì nígbà tí àlejò bá ti jókòó, kí ẹ sẹ́ ẹ dáadáa.

Àwọn ohun tí a ń gbé kalẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀

Àwo kékeré kan gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́: àlùbọ́sà pupa tútù tí a gé, ọsàn wẹ́wẹ́ tí a là, ewé músítádì tí a fi iyọ̀ pa mọ́ títí ó fi kan, àti ata díndín. Ewé músítádì yìí wà nínú ọ̀rá tàbí agolo ní ilé ìtajà àwọn ará Ṣáínà. Ẹ fi omi ṣàn án kí ẹ tó gé e. Ẹni tí kò rí i lè gé kábéèjì wẹ́wẹ́, kí ó fi iyọ̀, fínígà àti ṣúgà díẹ̀ pò ó mọ́jú. Ní ti ata díndín, ẹ gbóná òróró ìdajì ife, kí ẹ da ata gbígbẹ tí a gún wóróworo ṣíbí mẹ́ta sí i lórí iná kékeré, kí ẹ sì gbé e kúrò kí ó tó dúdú tán. Ẹ ṣí fèrèsé kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ èyí.

Ẹ bu núdù bíbọ̀ sínú abọ́, ẹ gbé adìyẹ méjì lé e, ẹ da ọbẹ̀ sí i títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó, kí òróró pupa sì bá a wọlé, kí ẹ wá fi núdù díndín, àlùbọ́sà eléwé àti ewé kóríándà sórí rẹ̀. Kí olúkúlùkù fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí tirẹ̀, kí ó da ewé kíkan àti àlùbọ́sà sí i, kí ó sì rò ó pọ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ọ̀pá ìjẹun ni wọ́n fi ń mú núdù, wọ́n á sì fi ṣíbí mu ọbẹ̀. Àwọn kan wà tí kì í fẹ́ ewé kíkan yẹn rárá. Èmi gbà pé láìsí i, ọ̀rá àgbọn yóò sú ènìyàn kí ó tó jẹ abọ́ náà dé ìdajì.

Bí ọbẹ̀ bá ṣẹ́kù, ẹ má fi núdù sílẹ̀ nínú rẹ̀, nítorí yóò fa omi rẹ̀ gbẹ. Ẹ gbé ọbẹ̀ àti adìyẹ sínú fíríìjì, yóò sì dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọjọ́ kejì. Ẹ lè jẹ ẹ́ títí di ọjọ́ kẹta. Iná kékeré ni kí ẹ fi gbé e gbóná, kí ẹ sì fi omi díẹ̀ là á bí ó bá ti ki jù. Núdù díndín lè wà nínú ike tó dé pa fún ọjọ́ mélòó kan, níwọ̀n ìgbà tí ó bá ti tutù pátápátá kí ẹ tó dé e.