Bí ẹ ṣe lè wo Barbara Stanwyck pẹ̀lú ojú aránṣọ

Aṣọ ni mo ń rán ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn. Tí iná bá lọ nírọ̀lẹ́, tí owó epo jẹnẹrétọ̀ sì ju owó iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ lọ, mo máa ń gbé fóònù ti ara maṣíìnì, kí n máa wo fíìmù àtijọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà, àwọn tí àwọ̀ wọn kò ju dúdú àti funfun lọ. Àwọn oníbàárà á na ọrùn wò ó. "Ìyá Télọ̀, ta tiẹ̀ ni obìnrin yìí?" Barbara Stanwyck ni, òṣèré ará Amẹ́ríkà. Fíìmù tó ṣe lé ní 80, ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n lè má mọ ibi tí yóò ti mú un. Bí mo ṣe máa ń ní kí wọ́n ṣe é nìyí.

Ẹ má kọ́kọ́ ka ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀. Èmi kà á, ó sì ba nǹkan jẹ́ fún mi: nínú fíìmù méjì tí mo kọ́kọ́ wò, àánú rẹ̀ ló ń ṣe mí ṣáá, mi ò rí iṣẹ́ tó ń ṣe.

Meet John Doe ti 1941 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, torí pé ọ̀fẹ́ ni. Wọn ò sọ ẹ̀tọ́ oníǹkan lórí rẹ̀ dọ̀tun nígbà tó yẹ ní Amẹ́ríkà, ó sì ti di ti gbogbo ayé níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni The Strange Love of Martha Ivers ti 1946. Ẹ fi dátà òru gbà á sórí fóònù, 480 ti tó. Kí ẹ sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ máa hàn nísàlẹ̀, torí ẹnu obìnrin yìí yára bí abẹ́rẹ́ maṣíìnì.

Oníwèé ìròyìn ni Barbara jẹ́ nínú Meet John Doe. Wọ́n lé e níṣẹ́, inú bí i, ó jókòó, ó fi irọ́ kọ lẹ́tà kan lórúkọ ọkùnrin tí kò sí láyé, pé yóò bẹ́ láti orí ilé lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì. Ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kan fún ìtàn. Lẹ́yìn náà, ẹ pa ohùn rẹ̀, kí ẹ tún ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ wò. Ọwọ́ rẹ̀ ni kí ẹ máa wò, ẹ fi ojú rẹ̀ sílẹ̀. Frank Capra tó darí fíìmù yìí ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà Ladies of Leisure ní 1930. Ó rí i pé ìgbà àkọ́kọ́ tí Barbara bá ṣe nǹkan ló máa ń dára jù. Tí wọ́n bá ní kó tún un ṣe, á ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Kí ni Capra wá ṣe? Ó máa ń fi àwọn òṣèré yòókù dánra wò láìsí obìnrin náà níbẹ̀, á sì to kámẹ́rà púpọ̀ sílẹ̀, kó má bàa sí pé wọ́n ń tún un ṣe. Ẹni tó ń gé léèsì olówó ńlá mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ̀ẹ̀kan ni à ń gé e.

Lẹ́yìn ìyẹn, The Lady Eve, 1941 kan náà. Ìhín ni ojú aránṣọ ti wúlò. Àwọn tó ń dá aṣọ fún un tẹ́lẹ̀ gbà pé ara rẹ̀ ṣòroó dá aṣọ sí, torí pé agbede-méjì rẹ̀ gùn, ìdí rẹ̀ sì wálẹ̀. Edith Head, obìnrin tó ń dá aṣọ fún àwọn òṣèré fíìmù, ló rí ojúùtú rẹ̀: ó jẹ́ kí bándì ìbàdí aṣọ fẹ̀ níwájú, kó sì tín-ín-rín lẹ́yìn. Ojú aráyé rí ìdí lókè, bẹ́ẹ̀ ìdí ò kúrò níbi tó wà! Láti ìgbà yẹn, Barbara ò fẹ́ kí obìnrin náà jìnnà sí i mọ́.

Ẹ dá fíìmù dúró níbi tó bá ti yí ẹ̀yìn padà, kí ẹ wò ó dáadáa. Ọmọ iṣẹ́ mi tiẹ̀ gbé tépù lé ojú fóònù, mo ní kò ní bàbàrà. Ṣùgbọ́n mo dán an wò lára oníbàárà kan tó fẹ́ lọ sí ìsọmọlórúkọ: íńṣì mẹ́ta níwájú, íńṣì kan àtààbọ̀ lẹ́yìn. Ó yípo yípo níwájú dígí, ó ní kí ni mo ṣe fún òun. Léèsì tó wúwo ò gbà á o. Bándì iwájú á ká wálẹ̀ bí ẹni tó jókòó bá dìde, àfi kí ẹ fi gọ́mùsìtífì tó lágbára sí i nínú.

Ẹ wá padà sẹ́yìn díẹ̀, sí Stella Dallas ti 1937. Ìyá tó ti ara rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ọmọ rẹ̀ lè ríbi gbé láàárín àwọn olówó ni. Wọ́n di nǹkan mọ́ ọn lára kó lè sanra, aṣọ rẹ̀ kún fún ìṣẹ́po àti ìyẹ́, ojú ń ti èèyàn láti wò ó. Nígbà tó yá, ó dúró nínú òjò, ó ń wo ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ láti ojú fèrèsé, ó sì ń fi eyín fa áńkáṣíìfù rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ tó pọ̀. Ẹ má wò ó níwájú oníbàárà. Fíìmù yìí ni wọ́n kọ́kọ́ fi yàn án fún Oscar, àmì ẹ̀yẹ ńlá àwọn oníṣẹ́ fíìmù. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni wọ́n yàn án, wọn ò sì fún un nígbà kankan, àfi ní 1982 tí wọ́n wá fi ọ̀kan yẹ́ ẹ sí. Inú mi ò tíì dùn sí i.

Double Indemnity ti 1944 tẹ̀ lé e. Ẹ̀rù ba Barbara láti ṣe apànìyàn, Billy Wilder tó darí rẹ̀ sì bi í bóyá ojo bí eku ni tàbí òṣèré. Wíìgì tó dé burú. Ọ̀gá kan ní Paramount, iléeṣẹ́ tó ṣe fíìmù náà, ní òun rò pé Stanwyck làwọn gbà síṣẹ́, George Washington, ààrẹ àkọ́kọ́ Amẹ́ríkà, lòun rí. Ẹ jẹ́ kí wíìgì máa lọ, kí ẹ wo ṣéènì ẹsẹ̀ rẹ̀ bó ṣe ń bọ̀ láti orí àtẹ̀gùn. Ọdún yẹn kan náà ni ìjọba Amẹ́ríkà kà á sí obìnrin tí owó iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ jù ní orílẹ̀-èdè wọn, 400,000 dọ́là.

Ó wá kù kí ẹ ka ìtàn rẹ̀. Ruby Stevens ni orúkọ rẹ̀, wọ́n bí i ní Brooklyn ní ọjọ́ 16 oṣù keje, 1907. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí ọ̀mùtí kan ti ìyá rẹ̀ ṣubú lára ọkọ̀ ojú irin ìgboro, ìyá sì kú. Bàbá lọ síbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ odò Panama, kò padà wá mọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń jó níbi eré, àti ilé àwọn tó ń gba ọmọ ọlọ́mọ tọ́, ló tọ́ ọ. Kó tó di oníjó, wọ́n gbà á láti máa gé pátánì aṣọ fún Vogue, ìwé ìròyìn aṣọ. Àwọn oníbàárà kígbe, wọ́n sì lé e. Mo rẹ́rìn-ín títí: ẹni tí mo ń fi kọ́ṣẹ́, kò mọ pátánì í gé!

Ẹ tún padà wo ibi tí wọ́n ti lé e níṣẹ́ nínú Meet John Doe. Ọwọ́ yẹn á yàtọ̀ lójú yín.

Forty Guns ti 1957 ni kí ẹ fi sílẹ̀ dẹ́yìn. Ó ti ń sún mọ́ 50 ọdún nígbà náà, ó sì gbà kí ẹṣin wọ́ òun nílẹ̀ fúnra rẹ̀, láìsí arọ́pò. Ṣùgbọ́n fíìmù náà fẹ̀ gbọọrọ; lórí fóònù, bí okùn bẹ́líìtì ló máa rí láàárín dúdú lókè àti dúdú nísàlẹ̀. Ilé àbúrò mi tó ní tẹlifíṣọ̀n ńlá ni mo lọ wò ó, mo sì gbé iṣẹ́ ọwọ́ dání, torí mi ò fẹ́ kó ní mo wá jókòó lásán.