Ohun Tí Kò Yẹ Kí Ẹ Ṣe Bí Ẹ Bá Ń Ta Ìwé àti Géèmù Àlòkù Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ìyá kan ní Oǹdó ra ìwé báólójì lọ́wọ́ mi fún ọmọ wọn tó ń múra WAEC. Ìwé náà mọ́, èèpo rẹ̀ ń dán, kò sí ibi tó ti ya. Mo ya fọ́tò rẹ̀ mẹ́ta nínú yàrá mi nítòsí yunifásítì FUTA ní Àkúrẹ́, mo gbé e sórí Jiji, ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì, kò pé ọjọ́ méjì tó fi lọ. Ọjọ́ kẹta tó dé ọwọ́ wọn ni wọ́n pè mí. Wọn ò pariwo, wọn ò bú mi. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé o yẹ ìwé yìí wò kó o tó tà á? Láti ojú ewé 113 títí dé 128, kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

Èèpo ni mo yẹ̀ wò. Mi ò yẹ inú wò.

Mo dá owó wọn padà, mo fi owó wébíìlì lé e, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Ká ní ìsọ̀ ìwé ní Ọjà Ọba ni wọ́n ti rà á ni, kí wọ́n tó tọwọ́ bọ àpò, wọ́n á ti ṣí i, wọ́n á ti gbóòórùn rẹ̀, wọ́n á ti fi àtàǹpàkò yí ojú ewé rẹ̀ fìrí. Lórí fóònù, wọn ò ní ọwọ́ tí wọ́n máa fi ṣe é. Èmi tí mò ń tà ni ọwọ́ wọn. Ó ti lé ní ọdún mẹ́fà tí mo ti ń ta ìwé àti géèmù àlòkù láti Àkúrẹ́, ọ̀pọ̀ àṣìṣe tí mo ti ṣe àti èyí tí mo ti rí lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíì, ibì kan náà ni wọ́n ti ń jáde: a máa ń gbàgbé pé ẹni tó fẹ́ rà á kò rí ohun tí ojú wa ń rí.

Ẹ má gbára lé èèpo

Ìdí wà tó fi jẹ́ pé ojú ewé mẹ́rìndínlógún gẹ́lẹ́ ló sọnù nínú ìwé yẹn. Ilé ìtẹ̀wé kì í tẹ ojú ewé lọ́kọ̀ọ̀kan. Bébà ńlá ni wọ́n ń tẹ̀, wọ́n á ká a di ìdì tó ní ojú ewé 16 tàbí 32, wọ́n á wá to àwọn ìdì náà, wọ́n á rán wọn pọ̀. Bí òwú ìdì kan bá já, odindi ìdì náà ló ń bọ́, ìwé á sì tún dúró bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é. Èyí tí wọ́n gé ẹ̀yìn rẹ̀ kí wọ́n tó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, ewé kọ̀ọ̀kan ni tirẹ̀ ń já. Nítorí náà, ẹ ka nọ́ńbà ojú ewé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìwé tó ní ojú ewé 300, kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ẹ wo máàpù inú ìwé jọ́gíráfì dáadáa, kí ẹ sì wo ẹ̀yìn ìwé ìṣirò níbi tí ìdáhùn máa ń wà, torí ibẹ̀ ni àwọn ọmọ iléèwé ti máa ń ya nǹkan jù.

Lẹ́yìn èyí, ọ̀rinrin. Ẹni tó bá ti gbé Àkúrẹ́ nígbà òjò mọ ohun tí mò ń sọ: ìwé tó sùn nínú páálí nílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án, ó ń bu. Àwọn kan á fín lọ́fínńdà sí i kí wọ́n tó dì í. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ láé. Òórùn lọ́fínńdà á lọ lọ́jọ́ kejì, èbu á sì ràn mọ́ àwọn ìwé tó kù nílé ẹni tó rà á. Ẹ ṣí ìwé náà sílẹ̀ níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, lábẹ́ òjìji, kí ó gbẹ. Ẹ má sá a sóòrùn, èèpo rẹ̀ á ká, àwọ̀ rẹ̀ á sì ṣí. Tó bá ti gbẹ tán, ẹ bo imú, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá èbu náà kúrò níta gbangba. Bí àmì rẹ̀ bá kù, ẹ yà á ní fọ́tò, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Bí èbu bá ti jẹ ẹ́ wọnú, ẹ má tà á.

Ní ti fọ́tò, ẹ má lọ gbé àwòrán ìwé tuntun láti Google wá. Ẹ jókòó sẹ́bàá fèrèsé láàárọ̀, ẹ pa fíláàṣì, ẹ ya iwájú, ẹ̀yìn, ibi tí wọ́n dì pọ̀, ojú ewé tí ọdún ìtẹ̀jáde wà, àti ojú ewé inú kan. Àléébù tó burú jù ni kí ẹ yà láti ibi tó sún mọ́ ọn jù. Ohun tí mo rí láti ìgbà tí mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé ìdúnàádúrà dín kù. Ẹni tó ti rí igun tó ká kò ní dúró dè mí lójú ọ̀nà pẹ̀lú ẹjọ́ igun tó ká.

"Ìwé yìí dára gan-an, kò sí wàhálà" kò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Ẹ wo bí mo ṣe ń kọ tèmi báyìí: "Ìwé ìṣirò SS2, ìtẹ̀jáde kẹta, 2014. Ojú ewé pé. Wọ́n fi bírò fa ìlà sí orí kẹrin. Igun èèpo iwájú ti ká. Orúkọ ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ wà ní ojú ewé àkọ́kọ́."

Ẹ má fojú kéré ọdún ìtẹ̀jáde

Èyí dùn mí jù, torí ọmọ iléèwé ló ń jìyà rẹ̀. Ọdún márùn-ún márùn-ún ni WAEC ń yí àwọn ìwé lítíréṣọ̀ rẹ̀ padà. Èyí tí wọ́n lò láti 2021 dé 2025 ti parí, ti 2026 sí 2030 ló wà lóde báyìí. Ẹni tó bá kọ "ìwé lítíréṣọ̀ WAEC" lásán, tí kò sọ pé ti ìgbà wo ni, ó lè gba owó ìyá kan fún ìwé tí ọmọ rẹ̀ kò ní rí ìbéèrè kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Àwọn ìwé wọ̀nyẹn ṣì dára fún kíkà, ẹ tà wọ́n bẹ́ẹ̀, ní owó pọ́ọ́kú, kí ẹ sì kọ ọdún wọn gàdàgbà.

Bákan náà ni ìwé yunifásítì. Bí olùkọ́ bá ní ìtẹ̀jáde keje ni òun ń lò, ìtẹ̀jáde kẹrin lè ní orí tó yàtọ̀. Ẹ kọ ISBN rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé náà, sílẹ̀ kí ẹni tó fẹ́ rà á lè fi wéra. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà mẹ́wàá ni ISBN náà ní, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìtẹ̀jáde tó ti wà ṣáájú ọdún 2007 ni, torí láti ìbẹ̀rẹ̀ 2007 ló ti di mẹ́tàlá.

Ìwé tí ìjọba pín fún àwọn iléèwé lọ́fẹ̀ẹ́, tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí pé kì í ṣe títà, ẹ má gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, bó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó. Èyí tó ní òǹtẹ̀ ilé ìkàwé náà, ẹ bi ẹni tó mú un wá pé níbo ló ti rí i. Ìwé tí ẹ fi owó yín rà, tí ilé ìtẹ̀wé gan-an tẹ̀, tiyín ni láti tà. Fọ́tòkọ́pì rẹ̀ kì í ṣe tiyín, PDF tí ẹnì kan ta látaré sí yín lórí WhatsApp kì í sì í ṣe ọjà. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ ti ọdún 2022 kò yọ orí íntánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀.

Géèmù: ẹ kà á, ẹ dán an wò

Géèmù orí tábìlì kò le, kíkà ni. Scrabble gbọ́dọ̀ pé 100, kí méjì nínú rẹ̀ jẹ́ òfìfo. Káàdì Whot jẹ́ 54, márùn-ún nínú rẹ̀ sì ni èyí tó ní nọ́ńbà 20. Ṣẹ́ẹ̀sì, 32. Ọmọ ayò, 48. Bó bá dín kan, ẹ sọ pé ó dín kan. Ẹlòmíì á rà á bẹ́ẹ̀, torí ọmọ ayò kò ṣòro wá.

Sídíì ló ní ẹjọ́. Sídíì ẹ̀rọ géèmù PS4 àti PS5 kì í ṣe irú sídíì orin àtijọ́, irú tí wọ́n ń pè ní Blu-ray ni. Nínú sídíì orin, ẹ̀yìn lọ́hùn-ún, nítòsí ibi tí wọ́n ya àwòrán sí, ni ohun tí wọ́n kọ wà. Ti Blu-ray wà nítòsí ojú tó ń dán níbi tí ẹ̀rọ ti ń kà á, bíi ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà péré sí òkè. Wọ́n fi nǹkan líle kan bo ojú náà kí nǹkan má baà tètè ha á. Ẹni tó bá wá fi ọṣẹ ìfọyín ha á, bí a ṣe máa ń gbọ́ lágbègbè wa, ààbò yẹn gan-an ló ń bó. Aṣọ rírọ̀ tó mọ́ ni kí ẹ fi nù ún, láti àárín tààrà lọ sí etí, ẹ má yí i po. Lẹ́yìn náà ẹ fi sínú ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kó gbéra, kí ẹ gbá a fún nǹkan bí ìdajì wákàtí. Sídíì tí nǹkan bá ti ha lè ṣí dáadáa kó sì dúró gbagidi láàárín eré.

Ẹ sọ ẹ̀rọ tí sídíì náà ń bá ṣiṣẹ́. Sídíì PS4 ń ṣiṣẹ́ lórí PS5 tó ní ojú sídíì, ti PS5 kì í ṣiṣẹ́ lórí PS4, PS5 tí kò ní ojú sídíì kò sì lè gbé ìkankan. Bọ̀ọ̀dá kan láti Òkè-Ìjẹ̀bú ra mẹ́ta lọ́wọ́ mi kí n tó mọ̀ pé irú èyí ni tiwọn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mi ò bi wọ́n. Bí kóòdù ẹ̀bùn bá wà nínú páálí, ẹ gbà pé ẹni àkọ́kọ́ ti lò ó, ẹ má kà á mọ́ ọjà.

Géèmù bọ́ọ̀lù ní àsìkò tirẹ̀. Tuntun rẹ̀ máa ń jáde ní nǹkan bí ìparí oṣù kẹsàn-án tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá lọ́dọọdún, yálà nígbà tó ń jẹ́ FIFA tàbí láti 2023 tó ti di EA Sports FC. Ẹni tó bá di ti ọdún tó kọjá mú títí di oṣù kọkànlá, kí ó má retí owó oṣù keje.

Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ PS4 fúnra rẹ̀ lẹ ń tà, ẹ má gbé e jáde nílé pẹ̀lú àkáǹtì yín lórí rẹ̀. Ẹ wọ Settings, ẹ yọ ọ́ kúrò ní ẹ̀rọ àkọ́kọ́ yín (Primary PS4), kí ẹ wá lọ sí Initialization, ẹ nu gbogbo rẹ̀ kúrò. Mo mọ ẹni tí wọ́n fi káàdì báǹkì rẹ̀ ra géèmù mẹ́rin kó tó mọ̀.

Àlẹ́ẹ̀tì kì í ṣe owó

Ọmọkùnrin kan bá mi pàdé ní South Gate FUTA ní ìrọ̀lẹ́ láti gba sídíì méjì. Ọlọ́kadà tó gbé e wá kò pa ẹ́ńjìnnì. Ó tẹ fóònù rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó ti wọlé." Lóòótọ́, fóònù mi dún: orúkọ báǹkì, orúkọ mi, iye owó. Mo na sídíì sí i. Nígbà tí mo délé tí mo ṣí áàpù báǹkì, owó mi wà bó ṣe wà láàárọ̀.

Ẹni tó bá mọ ọ̀nà rẹ̀ lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ kí orúkọ báǹkì hàn lókè rẹ̀. Rìsíìtì tiransífà tí wọ́n fi hàn yín kò yàtọ̀, àwòrán lásán ni. Inú áàpù tàbí USSD báǹkì yín ni kí ẹ ti wo iye tó wà nínú àkáǹtì kí ọjà tó kúrò lọ́wọ́ yín. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń yọnu, ẹ jọ dúró. Ẹni tó sanwó ní tòótọ́ kò ní sá.

Àwọn kan á ní àwọn ṣèèṣì fi ₦45,000 ránṣẹ́ dípò ₦4,500, pé kí ẹ tètè dá èyí tó lé padà. Irú àlẹ́ẹ̀tì kan náà ni. Àwọn mìíràn á ní àwọn fi kóòdù oní-nọ́ńbà mẹ́fà ránṣẹ́ kí àwọn lè mọ̀ pé ọlọ́jà gidi ni yín. Kóòdù WhatsApp yín ni. Bí ẹ bá kà á fún wọn, WhatsApp yín lọ nìyẹn, àwọn ìbátan yín ni wọ́n máa kọ́kọ́ tọrọ owó lọ́wọ́ wọn. Kò sí ẹni tó ń ra ìwé tó nílò BVN tàbí NIN yín.

Ẹ má júwe ilé. Ẹ pàdé lójú mọmọ níbi tí èèyàn pọ̀ sí, iwájú báǹkì kan ní Alágbàká dára, kí ẹ má sì dá lọ bí ẹ̀rọ olówó ńlá lẹ gbé dání.

Wébíìlì

Ìwé wúwo. Ẹ béèrè owó wébíìlì ní gáréèjì kí ẹ tó dá iye lé ọjà, kí ẹ sì sọ ẹni tó máa san án. Ẹ kọ́kọ́ fi nájílọ́ọ̀nù dì í kí ẹ tó gbé e sínú páálí, torí òjò. Ẹ gba nọ́ńbà awakọ̀ àti nọ́ńbà ọkọ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń dúró kí ọkọ̀ tó gbéra.

Ìyá Oǹdó yẹn tún kọ̀wé sí mi lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, wọ́n ń wá ìwé kẹ́mísìrì. Mo gbé fóònù ti ìgò omi kan, mo ṣí ìwé náà sórí tábìlì, mo sì ń yí ojú ewé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí dé òpin, mo fi fídíò náà ránṣẹ́. Wọ́n wò ó tán, wọ́n ní, "Fún awakọ̀, kó máa gbé e bọ̀."