Bí mo ṣe to àpótí òkúta kíláàsì wa

Nígbà tí mo gbà láti to àpótí òkúta yàrá Jọ́gíráfì, orúkọ ìlú tí wọ́n ti ṣà wọ́n nìkan ló ṣì hàn lára ọ̀pọ̀ wọn: Ìbàdàn, Ìgbẹ́tì, Iléṣà, Erin-Ìjẹ̀ṣà. Òkúta àyípadà ni gbogbo wọn, ìyẹn òkúta tó ti jẹ́ nǹkan mìíràn rí kí ooru àti ìwúwo ilẹ̀ tó jókòó lé e lórí tó yí i padà. Kò yọ́ o! Bó bá yọ́ tó tún dì, ẹbí giraníìtì ló bọ́ sí nìyẹn. Bí amọ̀ ṣe ń wọ iná tó ń di ìkòkò ni. Ooru nǹkan bíi 200 lórí ìwọ̀n Celsius ti tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, ó sì lè kọjá 700. Ní ilẹ̀ wa, ìyípadà ńlá tó kẹ́yìn ti tó nǹkan bíi 600 mílíọ̀nù ọdún.

Mo fọ̀ wọ́n, mo sá wọn gbẹ. Mi ò ka àwọ̀ sí, torí àwọ̀ ló ń tan ènìyàn jẹ jù. Ìpele ni mo kọ́kọ́ wá. Bí nǹkan bá ń ti òkúta gbígbóná láti ẹ̀gbẹ́ kan, àwọn hóró pẹlẹbẹ inú rẹ̀ á dojú kọ ọ̀nà kan náà, wọ́n á sì tò léra. Ti Iléṣà kún fún máíkà, ìyẹn irú hóró pẹlẹbẹ bẹ́ẹ̀, ó ń dán, èékánná lásán ń ṣí i ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́: schist. Ti Ìbàdàn ní ilà funfun àti dúdú, ṣùgbọ́n kò ṣeé ṣí: gneiss, èyí tí ooru rẹ̀ ga ju ti schist lọ.

Ti Ìgbẹ́tì àti ti Erin-Ìjẹ̀ṣà ló dùn mọ́ mi jù. Méjèèjì funfun, méjèèjì ò ní ìpele tó hàn. Mo fi ìṣó ha wọ́n. Ó ha ti Ìgbẹ́tì. Ti Erin-Ìjẹ̀ṣà ló wá ń ha ìgò. Mo lọ díẹ̀ lára ti Ìgbẹ́tì kúnná, mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ó sì ń hó. Mábù nìyẹn, ọmọ ẹfun òkúta irú èyí tí wọ́n ń wà ní Ewékorò fún sìmẹ́ńtì. Èkejì, quartzite, yanrìn ni tẹ́lẹ̀. Òun náà ni omi Olúmirin ń já lé lórí.

Ọ̀kan ò ní orúkọ ìlú kankan. Ó rọ̀, ó ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ẹni fi epo pa á. Òkúta ọṣẹ ni, irú èyí tí wọ́n fi gbẹ́ àwọn ère Ẹ̀sìẹ́ ní Kwara.

Mo kọ nǹkan mẹ́ta sára ọ̀kọ̀ọ̀kan: orúkọ, ìlú, ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Pẹ́ńsù ni mo fi kọ ìkẹta ti gneiss, torí giraníìtì lè di gneiss, amọ̀ náà sì lè di gneiss.