Ilé Tí Mo Yàn fún Fọ́tò Wa Lórí Kọ̀ǹpútà Ti Ara Wa

Inú ìkòkò aró ni fóònù mi já sí, lẹ́yìn ilé màámi ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí n lè ya ọwọ́ wọn níbi tí wọ́n ti ń fi ìyẹ́ adìẹ fa ẹ̀kọ sára aṣọ, ló bá yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi. Kí n tó ki ọwọ́ bọ ìkòkò, ó ti tán. Fọ́tò ọdún kan àbọ̀ ló bá a lọ, àti ti gbogbo Ìbàdàndùn, irú àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan, tí màámi fọwọ́ yà lọ́dún náà. A ti ta àwọn aṣọ yẹn. Ojú màámi ò ríran tó bẹ́ẹ̀ mọ́, wọn ò lè ya òmíràn. Ìdí rèé tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára.

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2021 ni Google Photos ti ń ka gbogbo fọ́tò tuntun mọ́ 15 GB ọ̀fẹ́ tó ń fún èèyàn. Tiwa nílé ti lé ní 180 GB: ìsọmọlórúkọ, ìsìnkú bàbá mi, Ọjọ́ Líṣàbí. Mo fẹ́ kí wọ́n wà nínú yàrá wa ní Ìbarà, lórí ohun tí mo lè fọwọ́ kàn.

Bí ẹ bá fẹ́ yan sọ́fítíwíà fún irú iṣẹ́ yìí, ẹ má kọ́kọ́ wo ẹwà ojú rẹ̀. Ẹ bi í pé: lọ́jọ́ tí mo bá fẹ́ kó ẹrù mi jáde, kí ni màá bá níbẹ̀? Ẹ fi igba fọ́tò dán an wò, kí ẹ wá ṣí fódà tó ń kó wọn sí, kí ẹ fojú ara yín rí i.

Méjì ni mo dán wò dáadáa, PhotoPrism àti Immich. Ọ̀nà Docker, ohun tó ń jẹ́ kí sọ́fítíwíà ṣiṣẹ́ nínú àpótí tirẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ni mo sì gbà gbé méjèèjì wọlé. PhotoPrism máa ń ka fọ́tò nínú fódà tí ẹ ti tò fúnra yín, ẹ sì lè kìlọ̀ fún un kó má fọwọ́ kan ohunkóhun níbẹ̀. Ó ń kọ àwọn álíbọ́ọ̀mù yín sínú fáìlì kéékèèké tí èèyàn lè ṣí kà. Ìyẹn wù mí gan-an. Ṣùgbọ́n kò ní áàpù tirẹ̀ tí yóò máa kó fọ́tò wọlé láti orí fóònù. Ẹ ní láti wá áàpù ẹlòmíràn so mọ́ ọn. Ọkọ mi ò ní ṣe é, àwọn ọmọ ò ní ṣe é. Fọ́tò tó ń dúró de ìgbà tí ẹnì kan bá rántí ni aró gbé lọ mọ́ mi lọ́wọ́.

Immich ní áàpù fún Android àti iPhone, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ní àkáǹtì tirẹ̀. Òun ni mo mú. Àmọ́ nígbà tí mo ṣí fódà rẹ̀, gbogbo fáìlì ló ti gba orúkọ mìíràn, lẹ́tà àti nọ́ńbà gbọọrọ tí kò nítumọ̀. Kí ẹ tó kó fọ́tò púpọ̀ wọlé, ẹ tan ohun tó ń jẹ́ Storage Template. Ó ń tò wọ́n ní ọdún-ọdún, ọjọ́-ọjọ́, pẹ̀lú orúkọ tí fóònù fún wọn. Mo ṣí 2023 báyìí, mo bá ìsọmọlórúkọ níbẹ̀. Bí Immich kú lọ́la, fódà yẹn ò bá a kú.

Immich ń fẹ́ RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) 6 GB ó kéré tán, 8 GB ló dáa. 3 GB tó fún PhotoPrism. Laptop tòkunbọ̀ ni mo rà ní Pansẹ́kẹ̀ nítorí bátìrì rẹ̀: bí iná bá lọ lójijì, dátábéèsì, ìyẹn àkọsílẹ̀ tí Immich ń ṣe nípa àwọn fọ́tò, ò ní bàjẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Orí SSD, dísìkì tó ń yára ju hádì dísìkì lọ, ni kí dátábéèsì wà. Fọ́tò lè wà lórí hádì dísìkì lásán.

Aago méjì òru ni Immich máa ń ṣe ẹ̀dà dátábéèsì rẹ̀, àwa sì máa ń pa inverter lóru, bátìrì laptop kì í sì gbé e dé ìgbà yẹn. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá kí n tó rí i pé kò sí ẹ̀dà kankan. Mo sún un sí aago mẹ́jọ alẹ́. Ẹ má fojú kékeré wo dátábéèsì yìí o, inú rẹ̀ ni orúkọ àwọn èèyàn inú fọ́tò wà. Màámi tó wé gèlè àti màámi tí kò wé, èèyàn méjì ni Immich, tó ń fi ojú dá èèyàn mọ̀, pè wọ́n. Èmi ni mo jókòó pa wọ́n pọ̀.

Fọ́tò tó bá gba WhatsApp wọlé kì í ní ọjọ́ tí wọ́n yà á mọ́, ẹ ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ bíi document. Bí ará ilé bá fẹ́ wò ó láti ìlú mìíràn, Tailscale, tó ń so kìkì ẹ̀rọ àwọn tí ẹ bá gbà láàyè pọ̀, ni kí ẹ lò, ẹ má ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo íntánẹ́ẹ̀tì.

Hádì dísìkì kejì, tí ẹ̀dà fọ́tò àti dátábéèsì wà nínú rẹ̀, wà lọ́dọ̀ àbúrò mi n'Íbàdàn, a máa ń pààrọ̀ rẹ̀ lóṣooṣù. Mo ti so ọ̀kan nínú àwọn dísìkì náà mọ́ kọ̀ǹpútà àbúrò mi rí, mo dá gbogbo rẹ̀ padà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó gbà mí ní odindi ọjọ́ Sátidé kan. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mo tẹ orúkọ màámi, ojú wọn sì jáde, pẹ̀lú gèlè àti láìsí gèlè.