Bí Ẹgbẹ́ Àdúgbò Ṣe Lè Ja Ìjà tí Yóò Dín Ìwà Ipá sí Obìnrin Kù ní Ilé-Ifẹ̀

Ìbéèrè tí àwọn ènìyàn máa ń bi ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ tako ìwà ipá sí obìnrin ní Ilé-Ifẹ̀ ni pé, èrè wo ni ó wà níbẹ̀? A ti wọ aṣọ ẹgbẹ́, a ti gbé páálí rìn láti Lágéré dé Ẹnuwá, ọkùnrin tí ó ń lu ìyàwó rẹ̀ kò sì dáwọ́ dúró. Ìbéèrè náà tọ́, ó sì ní ìdáhùn. Ìjàfẹ́tọ̀ọ́ máa ń dín ìwà ipá kù, ṣùgbọ́n èyí tí ó bá pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, tí ó wọ inú ilé lọ, tí ó sì ní òfin àti ọ̀nà ìrànlọ́wọ́ lẹ́yìn ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwọ́de ọjọ́ kan kò lè ṣe é. Ìlànà tí mo kọ sílẹ̀ yìí wà fún ẹgbẹ́ obìnrin, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́, ẹgbẹ́ ọlọ́jà tàbí ìjọ tí ó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò rẹ̀.

Kí ẹ tó pe ìpàdé àkọ́kọ́, ẹ mọ ẹ̀rí tí ẹ óò fi dá oníyèméjì lóhùn. Ní Kampala, olú-ìlú Uganda, ẹgbẹ́ Raising Voices ṣètò iṣẹ́ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ SASA!, nínú èyí tí àwọn ará àdúgbò fúnra wọn ń bá aládùúgbò wọn sọ̀rọ̀ lórí bí ọkùnrin àti obìnrin ṣe ń lo agbára sí ara wọn. Àwọn olùwádìí fi àdúgbò mẹ́rin tí iṣẹ́ náà dé wé mẹ́rin tí kò tí ì dé, àbájáde tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 2014 fi hàn pé lílù tí ọkọ tàbí olólùfẹ́ ń lu obìnrin fi nǹkan bí ìdajì kéré níbi tí iṣẹ́ náà dé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àdúgbò mẹ́jọ kò pọ̀ tó láti fi bura. Mala Htun àti Laurel Weldon, àwọn onímọ̀ nípa òṣèlú, náà yẹ orílẹ̀-èdè 70 wò láti 1975 dé 2005, wọ́n sì rí i pé ẹgbẹ́ obìnrin tí ó dá dúró, tí kò sí lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú, ni ó ń mú kí ìjọba gbé ìgbésẹ̀ tako ìwà ipá, ju bí orílẹ̀-èdè ṣe lówó tó tàbí iye obìnrin tí ó jókòó nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin lọ.

Ẹ̀rí tí ó sún mọ́ wa jùlọ ni ti dídá abẹ́ fún ọmọbìnrin. Nínú ìwádìí ìlera tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2013, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni ó ga jùlọ ní gbogbo Nàìjíríà, nǹkan bí 77 nínú 100 obìnrin. Nígbà tí wọ́n tún ṣe é ní 2018, ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 46. N kò ní sọ pé ìpolongo nìkan ni ó ṣe é, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó bá gbé ní àárín wa tí kò gbọ́ ìpolongo náà ní ilé ìwòsàn aláboyún, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti lórí rédíò.

Bí ẹ bá ti ṣe tán, ẹ mú àdúgbò kan ṣoṣo, ìbáà jẹ́ Ìlódè, Ìrémọ tàbí Sábó, kí ẹ sì gbájú mọ́ ọn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú ẹgbẹ́ tí ó ti wà nílẹ̀: ẹgbẹ́ alájọ, àwọn ọlọ́jà Odò-Ògbè, ẹgbẹ́ télọ̀ àti mẹkáníìkì, ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì àti ti mọ́ṣáláṣí. Ẹni tí wọ́n ti ń fi owó àjọ sí lọ́wọ́ ni wọ́n lè fi àṣírí lé lọ́wọ́. Ẹ lọ kí baálé àti ìyálọ́jà, kí ọ̀rọ̀ yín má baà jẹ́ àjèjì létí wọn, kí ẹ sì rí i pé ọkùnrin wà nínú yín, nítorí ọkùnrin kan máa ń gba ìbáwí lẹ́nu ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ kí ó tó gbà á lẹ́nu ẹlòmíràn.

Kí ẹ tó sọ fún obìnrin kankan pé kí ó la ẹnu sọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí, ẹ rí i dájú pé ibi tí yóò lọ ti wà. Mo ka èyí sí apá tí ó ṣe pàtàkì jùlọ nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, nítorí obìnrin tí a gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, tí a sì dá padà sílé lálẹ́ ọjọ́ náà láìsí ètò, inú ewu tí ó ju ti àtẹ̀yìnwá lọ ni a tì í sí. Ẹ rin ọ̀nà náà fúnra yín. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹni tí wọ́n fipá bá lòpọ̀, ìwé tí wọ́n máa ń béèrè, àti iye tí yóò ná a. Ẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, kí ẹ mọ ẹni tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ obìnrin àti ọmọdé níbẹ̀. Ẹ lọ sí wẹ́fíà ní ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ wá lọ́yà, bóyá nínú ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò obìnrin tí a mọ̀ sí FIDA, tàbí ní Legal Aid Council tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ fún ẹni tí kò lówó lọ́yà. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sí ojú ewé kan, kí ẹ fi 112, tí ó jẹ́ nọ́ńbà pàjáwìrì, àti 627 ti NAPTIP, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń gbógun ti òwò ẹrú, kún un.

Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ni ó gbọ́dọ̀ mọ èyí sórí: ẹni tí wọ́n bá fipá bá lòpọ̀ ní láti dé ilé ìwòsàn kí wákàtí 72 tó pé, nítorí ààrin àkókò náà ni oògùn tí ó ń dènà HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀, bí ó bá sì ṣe yá tó ni ó ṣe dára tó. Oògùn tí kì í jẹ́ kí oyún dúró ṣì lè wúlò di wákàtí 120. Kí ó má ṣe wẹ̀, kí ó má fọ aṣọ tí ó wọ̀. Kí wọ́n kó aṣọ náà sínú àpò bébà dípò ọ̀rá, kí ó má baà bu. Bí ó bá ti wẹ̀ kí ẹ tó dé, ẹ má bá a wí, kí ó ṣì lọ. Ẹ ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó ẹgbẹ́ fún owó ọkọ̀ àti oúnjẹ ọjọ́ mélòó kan, kí ó sì wà lọ́wọ́ ẹni tí a lè kan ilẹ̀kùn rẹ̀ ní aago méjì òru.

Ní alẹ́ tí ariwo bá sọ nínú ilé kan, kí ẹnikẹ́ni má dá lọ. Ẹ pé méjì tàbí mẹ́ta, kí àgbà wà nínú yín, ẹ kan ilẹ̀kùn, kí ẹ sì wá nǹkan mìíràn fi bojú: "Bàbá Ṣadé, ẹ kú ilé o. Ẹ má bínú pé ilẹ̀ ti ṣú, ìṣáná ni à ń wá." Ọwọ́ tí ó ti gbéra yóò balẹ̀ láti wá ṣílẹ̀kùn. Ẹ má dá a lẹ́jọ́ lójú ẹsẹ̀, ẹ má sì bi ìyàwó ní ìbéèrè lójú ọkọ. Ẹ kàn dúró níbẹ̀ títí ara yóò fi rọ̀. Ní ọjọ́ kejì, kí obìnrin kan nínú yín yà kí Ìyá Ṣadé níbi tí ó ti ń tajà, kí ó sọ fún un pé a gbọ́, pé ẹ̀bi rẹ̀ kọ́, àti pé ibi tí ó lè lọ wà bí ó bá fẹ́. Kí ó má pàṣẹ fún un pé kí ó kó jáde, nítorí òun tí ó ń gbé inú ilé náà ni ó mọ wákàtí tí ó léwu jù. Bí ohun ìjà bá wà lọ́wọ́ ọkùnrin náà, ẹ má kan ilẹ̀kùn. Ọlọ́pàá ni kí ẹ pè.

Ohun tí yóò gbà yín ní àkókò jùlọ ni ọ̀rọ̀ àwọn àgbà. Ọ̀dọ̀ àgbà ilé ni ẹjọ́ tọkọtaya kọ́kọ́ ń dé, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń sọ fún obìnrin pé a kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́, pé kí ó fara dà á nítorí àwọn ọmọ. N kò gbà pé kí a yọ àwọn àgbà sẹ́yìn. Àgbà tí ó bá sọ fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin lójú mọ̀lẹ́bí pé, "O ò gbọdọ̀ tún fọwọ́ kàn án," lè tètè ṣe ohun tí ilé-ẹjọ́ yóò fi ọdún kan fà. Nítorí náà, ẹ lọ bá wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè: ìgbà mélòó ni wọ́n ti parí ìjà tọkọtaya kan náà, ta ni ó sì padà lọ wo obìnrin náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan? Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ìbẹ̀wò yẹn kún ìdájọ́ wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pẹ̀lú pé ìfipábánilòpọ̀ kì í ṣe ẹjọ́ tí a ń parí nínú yàrá. Ó lé ní ọdún mẹ́wàá tí àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ fi lépa òfin ìjọba àpapọ̀ tako ìwà ipá, èyí tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí ní oṣù karùn-ún 2015. Ẹ̀wọ̀n gbére ni ó là sílẹ̀ fún afipábánilòpọ̀, ó sì fi ẹ̀wọ̀n tí ó lè tó ọdún mẹ́ta dẹ́rù ba ẹni tí ó bá lu ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun náà ti ṣe òfin tirẹ̀ tako ìwà ipá.

Ẹ má ṣe gbé àwòrán tàbí orúkọ ẹni tí wọ́n ṣe ní jàǹbá sórí WhatsApp tàbí Facebook láìgba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀, bó ti wù kí inú bí yín tó. Ariwo ní àyè tirẹ̀. Ní 2018, akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin kan ní yunifásítì tí ó wà ní Ifẹ̀ níhìn-ín gba ohùn olùkọ́ tí ó ń fi máàkì béèrè ìbálòpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà gba Nàìjíríà kan, yunifásítì lé olùkọ́ náà kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ICPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́, gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Òṣogbo, wọ́n sì rán an lẹ́wọ̀n ní oṣù kejìlá ọdún kan náà. Ẹ̀rí ti wà nílẹ̀ kí ariwo tó sọ, àwọn tí ó sì ń pariwo kò dákẹ́ títí ọ̀rọ̀ fi dé iwájú adájọ́.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ẹjọ́ tí ń dé etí yín lè pọ̀ ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Kí èyí má dẹ́rù bà yín, nítorí ẹni tí ó ti ń dákẹ́ ni ó ń sọ̀rọ̀. Ẹ ní ìwé kan tí kò ní orúkọ ẹnikẹ́ni nínú, kí ẹ máa kọ iye ẹni tí ó wá, iye tí ẹ sìn dé ilé ìwòsàn tàbí àgọ́ ọlọ́pàá, àti iye tí wọ́n tún lù lẹ́yìn tí àgbà ti dá sí i. Iye ìkẹyìn yìí ni kí ẹ máa ṣọ́.

Láti ọdún 1991 ni àwọn obìnrin káàkiri ayé ti ń ya ọjọ́ 16 sọ́tọ̀, láti ọjọ́ 25 oṣù kọkànlá dé ọjọ́ 10 oṣù kejìlá, fún ìpolongo tako ìwà ipá sí obìnrin. Ẹ lè wọ́de nígbà náà bí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ fi ọjọ́ kan nínú rẹ̀ pe ọlọ́pàá, wẹ́fíà, dókítà, baálé àti ìyálọ́jà jọ sí gbọ̀ngàn kan, kí ẹ ka iye inú ìwé yín sí wọn létí, kí ẹ sì béèrè ohun tí ó dá ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan dúró. Ẹ kọ ìlérí tí wọ́n bá ṣe sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n dá. Kí oṣù kìíní tó parí, ẹ tún ìpàdé ṣe láti yẹ ìlérí náà wò, kí ẹ sì yan ẹni tí yóò máa dá ìpè òru lóhùn fún ọdún tuntun.